Irọ́ Tó Lé Olùkọ́ Lọ

"Ta ni yóò ka orí kejìlá fún wa?" Ìyáàfin Halvorsen béèrè.

Yìnyín ń já bọ́ lójú fèrèsé, ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn nísàlẹ̀ ògiri bí ológbò tó yó, àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá sì tẹjú mọ́ orí tábìlì wọn bí ẹni pé wọ́n sọ nǹkan nù síbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú orí kejìlá. Àwọn tó ti ka ìwé náà mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀lẹ tí kò kà á sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kà á.

Ìwé ìtàn àtijọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní iyì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn òbí wọn ti kà á nínú yàrá yìí kan náà, wọ́n sì ti ráhùn lórí rẹ̀ bí àwọn náà ṣe ń ráhùn báyìí. Ìdílé àgbẹ̀ kan ni ìtàn náà dá lé. Ọ̀dá dá, oko gbẹ, màlúù kú. Ní orí kejìlá, bàbá rán ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo níṣẹ́ sí ìlú, ọmọ náà kò sì padà wálé láàyè.

Marnie Kovarik, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà ní ìlà kejì. Ní ìgbà òtútù èṣí ni Colby, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú. Ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó sì lọ rọ́ lu afárá tó wà lẹ́yìn ìlú. Gbogbo ìlú wọn, Cedar Fork, ló sin ín. Ní gbogbo ìgbà yẹn, omijé kan kò bọ́ lójú Marnie. Kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sunkún létí sàréè, kò sì sunkún lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kó aṣọ sínú àpótí, tó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Omaha fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ náà kò tíì parí títí di òní. Àwọn ará ìlú ń sọ pé, "Ọmọ yìí lágbára o." Wọn ò mọ̀ pé igi tó dúró ṣánṣán ni ikán ń jẹ nínú.

Ìyáàfin Halvorsen nìkan ló mọ̀. Obìnrin náà ti dàgbà, ọkọ rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ débi pé àwọn ọmọ ní láti pa ẹnu mọ́ kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti pe Marnie sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ohun tí a fẹ́ kà lónìí le," ló sọ fún un. "Bí o bá fẹ́, lọ jókòó sí yàrá ìkàwé. N kò ní bi ọ́ ní nǹkan kan, n kò sì ní yọ máàkì kankan."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Marnie wí. Ṣùgbọ́n kò lọ. Kí olùkọ́ tó tún ìbéèrè rẹ̀ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ kan ti yọ lókè. Gbogbo orí yí padà. Ọwọ́ Marnie ni.

"Èmi ni màá kà á, mà."

Ìyáàfin Halvorsen wò ó títí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ dúró dáadáa níbi tí wọ́n ti gbẹ́ sàréè ọmọ náà, ó dúró dáadáa níbi tí àwọn aládùúgbò ti wá. Ó wá dé ibi tí ìyá ọmọ náà ti wólẹ̀ sórí erùpẹ̀, tó ń bá Ọlọ́run jà: "Ìwọ tí o di òjò mọ́ ọwọ́, mi ò bá Ọ jà nítorí àgbàdo. Mi ò bá Ọ jà nítorí màlúù. Èyí tí O mú yìí, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ọkọ obìnrin náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Fi Ọlọ́run sílẹ̀. Èmi ni mo rán an níṣẹ́."

Ibẹ̀ ni ohùn Marnie ti já. Ó gbìyànjú láti tún gbólóhùn náà kà, kò lè kà á. Ẹkún tó ti ń dúró láti ọdún tó kọjá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún débi pé àga rẹ̀ ń mì. Ìyáàfin Halvorsen kúnlẹ̀ tì í lórí ilẹ̀, tòun ti orúnkún tó máa ń dùn ún, ó gbá a mọ́ra.

"Sun ún, ọmọ mi. Sun ún. Ó ti pẹ́ jù."

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ara Marnie fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Kò mọ̀ pé Shayla Pruitt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti yọ fóònù létí tábìlì, ó sì ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó já Marnie sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà oko wọn, fídíò náà ti yí ìlú ká. Bàbá rẹ̀, Gene Kovarik, ti jókòó nídìí tábìlì ìdáná. Kò bọ́ bàtà oko. Fóònù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ojú Marnie tó ń sunkún sì wà lórí fóònù náà.

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Dádì, kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé tí à ń kà ni."

"Mo mọ ìwé náà. Mo kà á kí wọ́n tó bí ọ. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, ta ló gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ mi lẹ́nu lójú gbogbo ayé? Obìnrin yẹn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Ó wà níbi ìsìnkú! Ṣé òun ló fi ipá mú ọ?"

Marnie wo bàbá rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ. Ọkùnrin tó máa ń kọrin bó bá ń fún màlúù lóúnjẹ, kò kọrin mọ́. Àga Colby ṣófo lápá ọ̀tún, àga Màmá ṣófo lápá òsì. Ó ronú pé, bí mo bá sọ fún un pé èmi ni mo nawọ́, yóò dà bí ìgbà tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀bẹ ha ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó wolẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Mo ti mọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó dìde, ó mú kọ́ọ̀tù rẹ̀. "Mo ti mọ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ ní í bá a dákẹ́. Ti Marnie kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ló dákẹ́, ẹlòmíràn ni ìdákẹ́jẹ́ náà kó bá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́rọ̀ Gene Kovarik, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Nílé ìtajà irúgbìn, nílé kọfí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti bú Ọlọ́run. Àwọn tó ti ka ìwé náà nígbà èwe rántí lójijì pé àwọn kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Àwọn tí kò kà á rí ló pariwo jù. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wá dá ọjọ́ ìpàdé, wọ́n sì ní kí Marnie wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Marnie dúró de Shayla ní yàrá oúnjẹ.

"Shay, kí ló dé tí o fi ká mi?"

"Háà, Marnie! Mi ò mọ̀ pé yóò tàn báyìí. Ẹni méjì péré ni mo fi ránṣẹ́ sí." Shayla bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ. "Àmọ́ ire náà ló já sí. Wọ́n ní bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ìwé yẹn, ìdánwò rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gbogbo kíláàsì ló ń sàdúrà fún ọ."

"Ìyáàfin Halvorsen ò fi ipá mú mi. Ojú rẹ ló ṣe."

Shayla gbé búrẹ́dì náà kalẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Bàbá rẹ ti sọ fún gbogbo ìlú pé ó fi ipá mú ọ. Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́ ni? Ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, tí ìyàwó rẹ̀ tún lọ?"

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Sọ pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Kò ju ìyẹn lọ. Ìyá àgbà yẹn ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí yóò ṣe é."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Marnie rí Ìyáàfin Halvorsen tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ó fẹ́ yà sí ilé ìyàgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó rò pé olùkọ́ yóò bẹ òun, tàbí kó bá òun wí.

"Marnie," ni obìnrin náà wí, "o ti rù. Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

"Ó dáa." Ó sì kọjá lọ.

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà, lábẹ́ àwọ̀n bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nítorí pé kò sí yàrá mìíràn tó lè gba èrò náà. Ọ̀gbẹ́ni Stroud, tó ń ta katakata, ni alága ìgbìmọ̀. Ìyáàfin Halvorsen dá jókòó lápá òsì pẹ̀lú kọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù lọ́rùn, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Gene Kovarik wà ní ìlà iwájú. Àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá jókòó pọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọwọ́ yọ lókè.

Wọ́n pe Marnie síwájú.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Stroud wí. Ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn bàbá àgbà. "Ìbéèrè wa kò pọ̀. Ṣé Ìyáàfin Halvorsen ló ní dandan ni kí o ka orí ìwé yẹn jáde?"

Marnie wo olùkọ́ rẹ̀, ó tún wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Marnie ya ẹnu. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n náà wúwo.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O kò fẹ́ kà á?"

"Mi ò fẹ́ kà á."

"Ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

Ariwo sọ. Ọ̀gbẹ́ni Stroud kan tábìlì. "Ìyáàfin Halvorsen, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fèsì."

Obìnrin náà dìde. Ó kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá tó wà lẹ́yìn, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Shayla tẹrí ba láti so okùn bàtà tí kò tú. Ọmọ kan kò dìde. Lẹ́yìn náà ni ó wo Marnie. Ìbá ṣe pé ìbínú wà lójú rẹ̀, Marnie ì bá rí nǹkan dì mú. Kò sí ìbínú níbẹ̀ rárá.

"Ọmọ yìí ti ru ẹrù tó ju orí rẹ̀ lọ," ni Ìyáàfin Halvorsen wí. "N kò ní fi tèmi kún un."

Ó sì jókòó.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ọwọ́ ìgbìmọ̀ ló nà sókè. Wọ́n ní kí Ìyáàfin Halvorsen má wá sí ilé-ìwé mọ́. Wọ́n kó ìwé náà sínú páálí, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹrù lẹ́yìn pápá. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni ló wá ń pín ìwé iṣẹ́ fún wọn, tó sì ń wo aago. Àwọn ọmọ ń fi ayọ̀ lu Marnie lẹ́yìn lọ́dẹ̀dẹ̀: "O gbà wá sílẹ̀!" Bí wọ́n bá ti lù ú báyìí, á tẹrí ba, á yára kọjá lọ.

Ó rò pé ara bàbá òun yóò balẹ̀ báyìí. Kò balẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ tún dín kù sí i. Bó bá dé láti oko, á kàn jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní wọlé. Omijé Marnie sì tún gbẹ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀fọ̀ nìkan ló di òkúta sínú rẹ̀.

Ìgbà tí màlúù ń bímọ dé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, bàbá àti ọmọ wà nínú ilé màlúù. Abo kan ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ kò sì wá. Gene ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà, àwọn méjèèjì jùmọ̀ fà á. Nígbà tó jáde, kò mí. Gene nu imú rẹ̀, ó fi koríko gbígbẹ ra á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ra á, ó ń ra á.

"Dádì, ó ti kú."

Kò dáwọ́ dúró. Òógùn ń kán lójú rẹ̀ nínú òtútù.

"Dádì, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ó ti kú."

Ó fi sílẹ̀. Ó jókòó sórí koríko pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó ń wo ìyá màlúù tó ń lá ọmọ rẹ̀ tí kò lè dìde. Bóyá ojú tí bàbá rẹ̀ fi wo màlúù náà ni, bóyá agbára Marnie ti tán ni, ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀.

"Dádì, irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ wo?"

"Wọn ò fi ipá mú mi. Ìyáàfin Halvorsen. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá ìkàwé. Èmi ni mo nawọ́ sókè."

Gene gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ lo nawọ́? Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ sunkún Colby ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi? Mo bi ọ́, Marnie. Mo bi ọ́ nídìí tábìlì."

"Màmá ti lọ," ni Marnie wí. "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀yin náà á lọ."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bo ojú. Marnie rò pé ó ń bínú. Nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn ọmọdé ló gbọ́.

"Kì í ṣe ẹkún rẹ ló bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ bàbá inú ìwé yẹn ni. 'Èmi ni mo rán an níṣẹ́.'" Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà ni mo rán Colby, Marnie. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan lásán ni mo ní kó lọ rà wá. Ó ní, 'Dádì, ọ̀nà ń yọ̀, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.' Mo ní kó yéé ṣe bí ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ nínú fóònù, mo rò pé èmi lò ń bá wí. Mo ń wá ẹni tí màá gbé ẹ̀bi náà lé lórí. Mo rí obìnrin yẹn."

Wọ́n di ara wọn mú nínú koríko ẹlẹ́jẹ̀ náà, Gene sunkún ọmọ rẹ̀, Marnie sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Gene lè dìde, ó ní, "Lọ wọ bàtà mìíràn. A ní ibi tí à ń lọ."

Ilẹ̀kùn ilé Ìyáàfin Halvorsen ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Páálí kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Duluth, ilé sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Gene ṣí fìlà. "Ìyáàfin, a wá tọrọ àforíjì. Ọmọ mi ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Gene. Mo wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Ẹ wọlé, àmọ́ kò sí àga mọ́."

Marnie dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. "Kí ló dé tí ẹ kò sọ, mà? Ẹ kò bá kàn sọ pé irọ́ ni mò ń pa!"

"Bí wọ́n bá gbà mí gbọ́, ìwọ ni ìlú ì bá wá yí sí. Mo ti rí ojú wọn. Mo dàgbà, mo lè di ẹrù mi lọ. Ìwọ ò ní ibi tí o máa lọ."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Obìnrin náà gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ó dùn mí, Marnie. N kò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí, àwọn òbí wọn wà lára wọn. Mo wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan ò dìde. Ìyẹn ni mò ń gbé lọ sí Duluth." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. "Mo ti dárí jì ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ mi ò lè padà."

"Màá lọ bá ìgbìmọ̀," ni Gene wí. "Màá sọ òtítọ́ fún wọn."

"Lọ sọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Má kàn sọ ọ́ nítorí kí n lè dúró."

Wọ́n bá a kó páálí tó kù. Nígbà tí ọkọ̀ náà yà sí ọ̀nà ńlá, Marnie sá tẹ̀ lé e díẹ̀, kò mọ ìdí tó fi ń sá.

Lóòótọ́ ni Gene lọ. Òun àti Marnie jọ dúró níwájú ìgbìmọ̀, Marnie sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irọ́ ni òun pa. Gbọ̀ngàn tó kún àkúnya lọ́jọ́ irọ́ ṣófo lọ́jọ́ òtítọ́. Àwọn mélòó kan ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò ló sì gbé wọn wá. Ọ̀gbẹ́ni Stroud gbọ́ wọn tán, ó wo tábìlì.

"A dúpẹ́, Gene. Ó gba ìgboyà láti wá. Àmọ́ a ti pa ìwé ọ̀rọ̀ yẹn dé. A ti gba olùkọ́ mìíràn."

Nílé-ìwé, Shayla kò bá a jẹun mọ́. "O ti sọ gbogbo wa di òpùrọ́," ló wí, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ Àjíǹde, Màmá wá láti Omaha. Gene jẹ́wọ́ fún un nípa iṣẹ́ tó rán Colby. Obìnrin náà fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká, ó sunkún díẹ̀, ó sì tún padà sí Omaha nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí ilé-ìwé tún wọlé lẹ́yìn ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, Marnie wọ kíláàsì tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan lákòókò oúnjẹ, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà, tó ń yọjú láti ojú gíláàsì. Winnie Albrecht ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tuntun. Gbogbo ìlú mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kú nínú oṣù Keje.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni yàrá Ìyáàfin Halvorsen? Ẹ̀gbọ́n mi ní bí nǹkan bá wúwo jù fún mi, kí n máa bọ̀ níbí. Ó ní wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn kàn jókòó, wọn ò ní béèrè nǹkan kan."

"Wọ́n ti kó lọ," ni Marnie wí.

"Ṣé wọ́n máa padà?"

"Wọn ò ní padà."

"Kí ló dé? Kí ni wọ́n ṣe?"

Ìdáhùn tó rọrùn pọ̀. Ó lè ní ọjọ́ ogbó ni. Ó lè ní òun ò mọ̀.

"Wọn ò ṣe nǹkan kan," ni Marnie wí. "Irọ́ ni ẹnì kan pa mọ́ wọn níwájú ìgbìmọ̀. Èmi ni mo pa irọ́ náà."

Ọmọ náà wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi. Marnie na ọwọ́ sí i. "Wá, jẹ́ ká jọ jókòó. Mo lè bá ọ jókòó." Ṣùgbọ́n Winnie mi orí, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó yí padà. Marnie pè é lórúkọ. Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà láàárín àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá ibi tí yóò ti sunkún, kò sì sí ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ bàbá ló mú Marnie purọ́, ìfẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀, irọ́ tí a fi ìfẹ́ dì kò yéé jẹ́ irọ́, ẹni tó sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀ jù ni ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà, tí wọ́n mọ òtítọ́, tí wọ́n ń so okùn bàtà. A lè tọrọ àforíjì kí wọ́n sì dárí jì wá tọkàntọkàn, kí ohun tí a bàjẹ́ má sì tún ṣe mọ́. Bí òtítọ́ bá wà lẹ́nu rẹ, sọ ọ́ nígbà tó ṣì lè gba ẹnì kan là.